Ẹ̀tù Díẹ̀ fún Ọ̀kẹ́rẹ́

Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 14, pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ní, “Mọ́mì, ẹtu mi ti ń tán lọ.” Mo ní ẹtu wo ló wà ní Kentucky níbí? Ó ní ẹtu tí wọ́n ń dà sínú ìbọn ni. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń tọ́ ọmọ ní ìlú òyìnbó, ẹ mọ irú èyí. Ẹtu ni ẹran, ẹtù ni ẹyẹ, ẹ̀tù ni ohun tí ọdẹ fi ń pa àwọn méjèèjì. Nígbà tó délé, mo ní kó pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó tó jẹun. Ó pè é. Ìgbà tó jẹun tán ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èmi náà.

Ọmọ ọdẹ ni mí o. Ìdérí ìgò oògùn ni bàbá mi fi ń bu ẹ̀tù sínú ṣakabùlà rẹ̀: ẹyọ kan fún òkété, méjì fún ẹran ńlá. Bí inú rẹ̀ bá dùn, ojú ló fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ọdẹ bá kú, tí wọ́n ń yìnbọn ẹ̀yẹ, kò tilẹ̀ sẹ́ni tó ń wọn nǹkan kan mọ́. Ẹni tí ìbọn rẹ̀ bá dún jù ni ọkùnrin. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìbọn ya mọ́ àbúrò bàbá mi lọ́wọ́, ìka méjì sì lọ. Mo béèrè ohun tó fà á. Wọ́n ní ayé ni. Mo bá ìdáhùn yẹn dàgbà.

Nítorí náà, nígbà tí bàbá òyìnbó kan ládùúgbò wa ní òun fẹ́ máa mú ọmọ mi lọ ṣọdẹ ọ̀kẹ́rẹ́, n kò fẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti lọ gba ẹ̀kọ́ ọdẹ tí òfin Kentucky béèrè, ó sì bẹ̀ mí fún oṣù méjì gbáko. Mo ní kó máa lọ, ṣùgbọ́n èmi náà á tẹ̀ lé wọn.

Ìbọn bàbá náà àti ṣakabùlà tan mọ́ra wọn. Láti ẹnu ni wọ́n ń ki í, òkúta ìbọn ló sì ń ṣáná sí i. Ṣùgbọ́n inú ọ̀pá tiwa ń dán ni. Wọ́n fín ilà yíká inú tirẹ̀, kí ọta lè máa yí bí òkòtó bó ṣe ń jáde. Wọ́n ń fi orúkọ Kentucky pè é, bẹ́ẹ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ tó wá láti Jámánì, tí wọ́n tẹ̀dó sí agbègbè Lancaster ní Pennsylvania, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di olókìkí ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ẹnu rẹ̀ kéré gan-an: .32, bíi mìlímítà 8. Ọta òjé roboto tó ń wọ̀ ọ́ kò tó gíráàmù 3. Gíréènì ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀tù rẹ̀, 7,000 gíréènì ló sì wà nínú pọ́ọ̀nù kan. Fún ọ̀kẹ́rẹ́, gíréènì 15 sí 30 ni wọ́n sábà máa ń lò nínú .32, èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ .36 lè gba 20 títí dé 40.

Bàbá náà bu 20 sínú ife idẹ tínńtín kan, ó fi hàn mí. Ó fi díẹ̀ ju ìdajì ìwúwo sẹ́ǹtì Amẹ́ríkà kan lọ. Ẹ̀rín pa mí. Mo ní, “Bàbá, ṣé ẹran ni ẹ fẹ́ fi èyí pa ni, àbí ẹ fẹ́ fín in símú bí aáṣà?”

Kò bá mi jiyàn. Ó fi ìwé kan kọ́ sára pákó ní yáàdì 25, ó ní kí ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ láti 15, kó yin márùn-ún, kó fi gíréènì 5 kún un, kó tún yin márùn-ún. Ní 15, ihò márààrún fọ́n ká díẹ̀. Ní 20, àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé á bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ní 25 wọ́n tún ti ń tú ká, ní 30 ọ̀kan kò tilẹ̀ bá ìwé. Ó wá rán ọmọ náà lọ ṣa àwọn ègé aṣọ tí wọ́n fi ń wé ọta, èyí tó máa ń já bọ́ síwájú ìbọn. Aṣọ ti 20 ṣì pé. Etí rẹ̀ nìkan ló dúdú. Ti 30 ti ya, ó ti jó. Aṣọ tó bá ti ya kò lè di ọta mú mọ́ àwọn ilà inú ọ̀pá, ọta á sì lọ síbi tó wù ú. Nínú ìbọn ńlá tí wọ́n fi ń pa àgbọ̀nrín, tó lè gba gíréènì 80, ẹ fi 5 kún un, ẹ lè má mọ̀. Nínú .32, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó ń jẹ ni ẹ fi kún un yẹn.

Ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́rẹ́ wọn kò sì ju nǹkan bí ìdajì kílò lọ. Bí ẹ bá fi agbára lé e, kí lẹ máa gbé délé?

Ohun tó wọ̀ mí lára jù wà lẹ́yìn èyí. Láàárín 15 sí 30, bàbá náà kò sọ̀rọ̀; ó jẹ́ kí ọmọ náà ṣe é, kó bà á jẹ́, kó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ fẹ́ da ẹ̀tù láti inú ìwo tí wọ́n ń kó o sí tààrà sẹ́nu ìbọn, ó pariwo débi pé èmi náà fò sókè. Ó ní bí ẹ̀ṣẹ́ná kan bá kù nínú ọ̀pá, iná á gba inú ẹ̀tù náà wọ ìwo, ìwo á sì bú mọ́ ọ lọ́wọ́. Inú ife ni kó kọ́kọ́ bù ú sí. Bákan náà ni ẹ̀tù òde òní tí kì í rú èéfín: kò sí ìwọ̀n kankan tó dára nínú irú ìbọn yìí, ó lè fa ọ̀pá rẹ̀ ya. Ọta sì gbọ́dọ̀ jókòó lórí ẹ̀tù, láìsí àlàfo. Ó fa ìlà sára ọ̀pá tí wọ́n fi ń ki í. Bí ìlà náà kò bá tíì kan ẹnu ìbọn, ọta kò tíì dé ìdí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yìn ín.

Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo ìlà yẹn. Ó lè jẹ́ ẹ̀tù tí wọ́n fi ojú wọ̀n, ó lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi dí i kò dé ìdí. Ogójì ọdún ni mo fi ń gbọ́ pé ayé ló ṣe bàbá kékeré.

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, èmi kì í ya nǹkan sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé. Igbe tí mo ń ké sí ọmọ tó wọ ìbọ̀sẹ̀ òdì ni mo ń ké sí èyí tó sáré gba ojú títì. Ọmọ kò wá mọ èwo nínú rẹ̀ ló lè pa á. Bàbá yẹn pariwo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti àárọ̀ di ọ̀sán, ọmọ mi kò sì tíì gbàgbé rẹ̀. Ó sọ ìdí rẹ̀ fún un pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo ìṣe wọn ni mo gbà, ẹ má ṣì mí gbọ́. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ mi máa pe ẹni ọdún 79 ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Mo ní kò ṣeé gbọ́. “Bàbá” ló ń pè é, ó sì ń dọ̀bálẹ̀ kí i nínú ọgbà. Inú bàbá náà ń dùn sí i ju ti ọ̀kẹ́rẹ́ lọ.

Bàbá náà ló tún sọ fún un nípa John James Audubon, ayàwòrán ẹyẹ, tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí ọdẹ kan tó ń jẹ́ Daniel Boone tó ń yìnbọn sí èèpo igi lábẹ́ ọ̀kẹ́rẹ́, tí èèpo tó fò á sì pa ẹran náà láìdá ojú ọgbẹ́ sí i lára. Àwọn òpìtàn ń jiyàn sí i. Ọmọ mi dán an wò títí, èèpo igi ló kó wálé.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ẹnikẹ́ni tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí. Ẹ bá a lọ, ẹ jókòó tì í, ẹ béèrè ìdí. Bí ẹ bá sì padà délé, ẹ ti ìbọn mọ́ ibì kan, ẹ ti ẹ̀tù mọ́ ibòmíràn, kí kọ́kọ́rọ́ méjèèjì wà lọ́wọ́ yín.