Ọkọ̀ Ojú Irin Dé Windermere

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ìlú London, tí ẹ ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ẹ kì í sì í padà wọlé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ìsinmi. Àwọn àgbà wa ní kí á ṣiṣẹ́ bí ẹrú kí á lè jẹ bí ọba. Ṣùgbọ́n ìdajì òwe náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa dì mú, nítorí pé bí ìsinmi ọdọọdún bá dé, ófátáìmù ni a tún ń fi í ṣe. Bẹ́ẹ̀ ara kì í ṣe igi.

Windermere ni mo dábàá fún ìsinmi yín. Ní ibùdókọ̀ Euston ni a ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin, akérara-wọ̀lú, arìn-má-yà-sígbó, tó ń kọrí sí àríwá. Bí ó bá ti ré Preston àti Lancaster kọjá, ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ògiri òkúta tí àwọn àgbẹ̀ fọwọ́ tò láìfi amọ̀ tàbí sìmẹ́ńtì kankan sí i yóò máa gun òkè lọ lójú fèrèsé, àwọn àgùntàn yóò sì máa jẹ̀ láàárín wọn, láìgbójú sókè wo ọkọ̀ tó ń kọjá. Ní Oxenholme ni a ó ti sọ̀ kalẹ̀ wọ ọkọ̀ kékeré tó ń gba Kendal, Burneside àti Staveley lọ sí Windermere, ìrìn nǹkan bíi máìlì 10 péré.

Ọkọ̀ ojú irin ló bí ìlú Windermere. Birthwaite ni wọ́n ń pe abúlé tó wà níbẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé ní 1847. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi orúkọ adágún Windermere, èyí tó tóbi jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pe ibùdókọ̀, orúkọ ọ̀hún ló mọ́ ìlú lára. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló tẹ́wọ́ gba ọkọ̀ ojú irin náà. Ní 1844, William Wordsworth, akéwì àgbà tó ń gbé ní Rydal, fi ewì àti lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn pé kí wọ́n má ṣe la ojú irin náà; lára ẹjọ́ tó rò ni pé bí wọ́n bá ń kó àwọn òṣìṣẹ́ Lancashire wá lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọn kò ní mọ iyì ohun tí ojú wọn bá rí. Mo bu ọlá fún akéwì yìí, nítorí ìfẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ ayé ti dá a lóhùn.

Ní 1930, Alfred Wainwright, ọmọ ọdún 23, akọ̀wé ọ́fíìsì ìṣúná ìlú Blackburn ní Lancashire náà, wá lo ìsinmi, ó sì gun Orrest Head, òkè tí ọ̀nà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní iwájú ibùdókọ̀ gan-an. Ohun tó rí níbẹ̀ kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ kúrò ní ilẹ̀ náà mọ́. Láàárín 1955 sí 1966 ló tẹ ìwé méje jáde lórí òkè 214 níbẹ̀, tó jẹ́ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ojú ewé wọn, tó sì ya àwòrán wọn. Ọmọ àwọn tí wọ́n ní kò ní mọyì òkè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀lé gun òkè lónìí.

Èmi náà gun Orrest Head, mo sì gbà pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Adágún náà nà gbọọrọ sísàlẹ̀, pẹ̀lú àwọn erékùṣù kéékèèké àti ọkọ̀ funfun lórí rẹ̀; ní òdìkejì, àwọn òkè ńláńlá, adúró-má-mì, tò tẹ̀lé ara wọn, òjìji ìkùukùu sì ń rọra gun wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá kan àtàwọn ọmọ rẹ̀ jókòó sórí òkúta, wọ́n ń jẹun, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n bóyá wọ́n kàwé kí wọ́n tó wò ó.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Owó tí a bá fi ara tó ti gbó wá kiri, ara náà ni a ó tún fi í wò. Nítorí náà, ẹ gba ìsinmi tó tọ́ sí yín, ẹ kó àwọn ọmọ yín dání, kí ẹ sì tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí owó ẹni tó bá tètè rà á sábà máa ń dín.