Ìyá Ìbejì ṣe búrẹ́dì ẹlẹ́dẹ̀ fún àlejò, díẹ̀ ló kù kí ìyá ọkọ rẹ̀ gbé e sẹ́nu!

Tí ẹ bá ti gbé Amẹ́ríkà rí, ẹ ó mọ̀ pé ọjọ́ àṣekágbá bọ́ọ̀lù wọn, tí wọ́n ń pè ní Super Bowl, kì í ṣe kékeré. Bí ọdún ló rí. Ọjọ́ yìí gan-an ni bàbá ìbejì kan, ọmọ Ìbàdàn tó ń gbé ní Houston, pe àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá sílé.

Ìyàwó rẹ̀ ní kì í ṣe ìrẹsì nìkan lòun máa gbé síwájú òyìnbó. Búrẹ́dì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní slider lòun máa ṣe. Búrẹ́dì Hawaii tó dùn lẹ́nu ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, irú èyí tí Robert Taira bẹ̀rẹ̀ sí í tà nílùú Hilo ní 1950.

Ìyá Ìbejì ra páálí méjì, búrẹ́dì 12 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò ya wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ o. Bí wọ́n ṣe lẹ̀ mọ́ra ló fi ọ̀bẹ eléyín là wọ́n láàárín, tó di òkè àti ìsàlẹ̀. Ó tẹ́ ìsàlẹ̀ sínú páànù, ó to háàmù lé e, ó to ṣíìsì lé háàmù, ó wá fi òkè dé e. Ó yọ́ bọ́tà, ó po mọ́sítáàdì àti àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, ó dà á sórí ẹ̀. Ó fi fọ́ìlì bò ó, kí orí búrẹ́dì má baà jó kí ṣíìsì tó yọ́, ló bá tì í sínú ófúnù tó ti gbóná dé 350 Fahrenheit. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ó ṣí fọ́ìlì kúrò, ó tún fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 kí ojú ẹ̀ lè pọ́n.

Òórùn ẹ̀ gba gbogbo ilé kan. Àṣé ibẹ̀ ni wàhálà wà!

Alhaja, ìyá ọkọ rẹ̀, ti wá kí wọn láti Ìbàdàn. Màmá yìí kò kọ́kọ́ fẹ́ kọ́mọ òun fẹ́ ọmọ onígbàgbọ́, ìgbà àkọ́kọ́ tó sì máa dé ilé wọn nìyẹn. Kẹ́hìndé ló sáré gbé ọ̀kan fún ìyá àgbà. Alhaja ṣe Bísímílláì, ló bá gbé e súnmọ́ ẹnu.

Ìyá Ìbejì wo ọkọ ẹ̀, ọkọ ṣẹ́jú sí i pé kó dákẹ́, ṣé àlejò pọ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò lè dákẹ́. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ ẹ́. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló wà nínú ẹ̀. Ẹ̀bi mi ni, mi ò tètè sọ."

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Alhaja rọra gbé e kalẹ̀, ó lọ fọ ọwọ́, kò sọ̀rọ̀. Ìyá Ìbejì wọ kíṣìnnì, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ló mú páànù mìíràn, tí ẹlẹ́dẹ̀ kò kàn rí, ó fi ẹyin àti ẹja inú agolo ṣe òmíràn.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Alhaja pè é.

"Ìyàwó mi, ọkọ ẹ ṣẹ́jú sí ẹ, mo rí i. O lè jẹ́ kí n jẹ ẹ́, mi ò ní mọ̀ láé. Láti òní lọ, ohunkóhun tóo bá sè, mi ò ní bi ẹ́ léèrè mọ́ kí n tó jẹ ẹ́."

Mẹ́ta ni màmá jẹ nínú ti ẹlẹ́ja lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbàlejò, ẹ gbọ́ o. Ilé Yorùbá wo ni kò ní mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ pọ̀? Ẹ ya páànù sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì tètè sọ ohun tó wà nínú oúnjẹ. Ẹnu tó bá sọ òtítọ́ kì í pàdánù àna.