Bátìrì Méjì àti Ohùn Màmá Mi

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á dé ìsàlẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó ń bójú tó àwọn ọ̀dọ́ ìjọ fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, "Dádì, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí ẹ̀rọ yìí lọ́wọ́ ẹnì kan tó fẹ́ tà á. Mo rántí pé ẹ máa ń gbé irú ẹ̀ wá sórí pẹpẹ nígbà tí a wà ní kékeré. Ṣé kí n rà á? Fóònù ò jẹ́ kí n ráyè jókòó kọ ìwàásù mọ́."

Mo wo fọ́tò náà, ẹ̀rín pa mí. Psion Series 5mx ni! Kọ̀ǹpútà kékeré tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé, tó ń ṣí bí ìwé. Ilé iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló ṣe é. Series 5 jáde ní 1997, 5mx tẹ̀lé e ní 1999. Nígbà tó fi máa di 2001, ilé iṣẹ́ náà kéde pé àwọn ò ní ṣe irú ẹ̀ mọ́. Ọdún yẹn gan-an ni arákùnrin kan tó ń gbé lọ́hùn-ún fi tiẹ̀ ta mí lọ́rẹ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ dáadáa rẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ni àkọ́kọ́. Tí o bá ti ṣí i, kíbọ́ọ̀dù á yọ jáde wá síwájú, ojú rẹ̀ á sì fẹ̀yìn tì í, kò ní ṣubú sẹ́yìn. Kì í ṣe àtàǹpàkò méjì ni wàá fi máa tẹ̀ ẹ́, gbogbo ìka ló máa ṣiṣẹ́. Èkejì, bátìrì kékeré méjì ló ń lò, irú èyí tí à ń fi sí rédíò, tó wà ní gbogbo ìsọ̀ àdúgbò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìbàdàn nígbà yẹn, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n lè mú iná lọ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ìwàásù mi á ṣì parí. Ẹ̀kẹta, tí o bá tẹ bọ́tìnnì, ojú ẹsẹ̀ ló ń tàn. Kò sí WhatsApp, kò sí Facebook, ẹnikẹ́ni ò ní pè ọ́. Ìwọ àti ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn rẹ nìkan ni.

Àléébù rẹ̀ ńkọ́? Ojú rẹ̀ ò ní àwọ̀ mèremère, ó sì ṣókùnkùn díẹ̀. Tí o bá tan iná ẹ̀yìn rẹ̀, bátìrì á tètè lọ. Lẹ́yìn náà, lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀ kò sí lórí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Nígbà tí mo bá kọ "oko", ó di ìgbà tí mo bá dórí pẹpẹ kí n tó mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó ni, tàbí ọkọ̀ ojú omi, tàbí oko àgbẹ̀!

Ṣùgbọ́n èyí tó tóbi jù ni mo fẹ́ sọ báyìí. Inú ọpọlọ rẹ̀ ló ń pa gbogbo nǹkan mọ́ sí, ọpọlọ náà ò sì lè rántí ohunkóhun tí kò bá sí bátìrì. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi bátìrì kẹta sí i, èyí tó rí roboto bíi kọ́bọ̀, kó lè máa ṣọ́ ọ tí méjì àkọ́kọ́ bá kú.

Ní 2004, Màmá mi wá gbé lọ́dọ̀ wa. Ní àràárọ̀, tí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọ́n á kì mí, oríkì ìdílé wa látòkèdélẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé ẹ̀rọ yìí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo tẹ bọ́tìnnì tó ń gba ohùn lára ẹ̀. Wọn ò mọ̀. Wọ́n kì mí títí omi fi bọ́ lójú mi.

Wọ́n sùn nínú Olúwa ní 2006. Lẹ́yìn ìsìnkú, mi ò lè gbọ́ ohùn yẹn. Mo ti ẹ̀rọ náà bọ inú dúrọ́ọ̀, mo ní tó bá yá. Oṣù ń gorí oṣù. Bátìrì méjì kú. Ẹ̀kẹta náà kú, torí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún mi, mi ò pààrọ̀ ẹ̀ rí.

Ọjọ́ tí mo wá fi bátìrì tuntun sí i, ó tàn rekete. Àfi bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á lọ́jà. Kò mọ orúkọ mi. Kò sí ìwàásù kankan. Kò sí Màmá.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀rọ. Àyè memory card wà lára ẹ̀, mi ò fi nǹkan kan síbẹ̀. Mo ti wàásù nípa àwọn wúńdíá mẹ́wàá inú Mátíù 25 láìmọye ìgbà, mo sì wà nínú àwọn márùn-ún tí kò gbé òróró dání.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rántí oríkì náà dé àyè kan. Ìparí rẹ̀, níbi tí Màmá ti máa ń dárúkọ bàbá bàbá wọn, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́ nínú gbogbo wa.

Nítorí náà, ọmọ mi, rà á. Fi kọ ìwàásù, wàá gbádùn ẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì roboto yẹn, kó o ra CompactFlash sí i, kó o sì máa kó iṣẹ́ rẹ síbẹ̀ ní alaalẹ́. Ohun tí o kò bá fẹ́ pàdánù, má fi sí ojú kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà, tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá yín tó dàgbà jù, ẹ gbé fóònù yín síwájú wọn lónìí. Ẹ ní kí wọ́n kì yín. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò yín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọlọ́run á dá àwọn ìyá wa sí o. Ohun rere ìdílé wa ò ní parun mọ́ wa lọ́wọ́ lórúkọ Jésù. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ Àmín yín nísàlẹ̀.