Òórùn Nìkan Kọ́ ni Ewu

Àwọn àgbà ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Fèrèsé onígi ilé àtijọ́ ni ó jẹ́ kí òwe yìí yé mi dáadáa.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ, ilé ìyá wa àgbà ni wọ́n ti fẹ́ tọ́jú ìyá àti ọmọ fún 40 ọjọ́. Ọ̀dà ara férémù fèrèsé yàrá wọn ti ń bó. Ìyá àgbà, tí ikọ́ fée ń yọ lẹ́nu, pàṣẹ pé: "Ẹ má kun ohun tí yóò rùn sí mi o."

Wọn kò jayò pa. Ọ̀dà olóròóró ni a ń bu kẹrosíìnì tàbí tínà là. Bí ó bá ti ń gbẹ, èyí ni ó ń fẹ́ sínú afẹ́fẹ́, tí ó sì lè ru ikọ́ fée sókè. Omi ni a ń bu la ọ̀dà olómi, nítorí náà kì í rùn tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bàbá akunlé mirí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọ̀dà olómi kì í lẹ̀ mọ́ ojú dídán. Àfi kí a ha èyí tó wà níbẹ̀, kí a sì kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ ná."

Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ibi híha yẹn gan-an ni ewu wà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́ ní òjé nínú, irú òjé tí àwọn olùsìn Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Òjé kì í rùn, eruku rẹ̀ kì í sì í ta ènìyàn nímú, síbẹ̀ ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà pa ọmọdé tí kò dín ní 400.

Mo bẹ bàbá akunlé pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má jẹ́ kí a ha á ní gbígbẹ, ẹ má sì jẹ́ kí a fi iná yọ ọ́." Wọ́n gbà. A kó ẹní àti aṣọ jáde, a tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, a fi ìbòmú bo imú. Sáńpépà tí a rẹ sínú omi ni a fi ha á, kí eruku má baà fò. A fi àkísà tútù nu férémù àti ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí igi gbẹ, a kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a kun ọ̀dà olómi fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, a sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó sùn níbẹ̀.

Ìyá àgbà wọlé, wọ́n fa imú, wọ́n ní, "Ṣé ẹ tilẹ̀ kun nǹkan kan níbí?"

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ìsinmi bá dé, tí wọ́n ní kí ẹ wá bá àwọn kun fèrèsé nílé, ó dára kí ẹ wá ọ̀dà tí kò rùn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ń bẹ lábẹ́ rẹ̀. Imú kì í gbọ́ òórùn gbogbo ohun tí ń pa ọmọ.