Ìléru Àtijọ́ ní Coalbrookdale

Ẹ̀yin ọmọ mi, ǹjẹ́ ẹ ti rí ìkòkò irin ńlá tí àwọn ìyá wa fi ń se ọbẹ̀ nígbà ìnáwó? Ǹjẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú ìkòkò bẹ́ẹ̀? Ẹ fetí sílẹ̀, kí n sọ ibi tí mo dé fún yín.

Ní ọdún 2019, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní ìlú Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ sí abúlé kan tó ń jẹ́ Coalbrookdale. Inú àfonífojì ni abúlé náà wà, nítòsí odò Severn. Igi pọ̀ níbẹ̀, gbogbo ibẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún yín, ẹ kò ní mọ̀ pé iná àti èéfín ló kún ibẹ̀ nígbà kan rí.

A dé ibi tí ìléru àtijọ́ kan wà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Abraham Darby ló fi ìléru yìí ṣiṣẹ́. Kí ó tó dé, èédú igi ni wọ́n fi ń yọ irin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èédú náà sì ti ń wọ́n. Ní ọdún 1709, Darby lo èédú tí wọ́n wà nínú ilẹ̀. Ó kọ́kọ́ sun ún kí ìdọ̀tí inú rẹ̀ lè jáde, lẹ́yìn náà ni ó fi yọ irin. Ẹwìrì ńlá ló ń fẹ́ iná náà, kẹ̀kẹ́ tí omi ń yí ló sì ń mú ẹwìrì ṣiṣẹ́. Bí irin bá ti yọ́ bí omi, wọ́n á dà á sínú iyanrìn tí wọ́n ti fi ṣe bátànì ìkòkò. Bí ó bá tutù, ó di ìkòkò irin.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Abraham Darby, ló fi irin ṣe afárá sórí odò Severn ní ọdún 1779. Afárá náà ṣì wà, ṣùgbọ́n láti ọdún 1934, mọ́tò kò gba orí rẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ ni a fi gbà á kọjá. Pátákó àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tó sọ iye tí oníkálukú máa san kó tó kọjá. Wọ́n ní ìdílé ọba pàápàá gbọ́dọ̀ sanwó! Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí.

Ṣùgbọ́n ohun púpọ̀ ti parẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 2017, ilé iṣẹ́ tó ṣì ń yọ́ irin ní abúlé náà kógbá sílé. Ìléru Darby gan-an, ilẹ̀ àti pàǹtí ti bò ó. Ọdún 1959 ni wọ́n tó wú u jáde. Lónìí, wọ́n ti kọ́ ilé bò ó kí òjò má baà bà á jẹ́.

Bí mo ti dúró níbẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, "Kí ló dé?"

Mo ní, "Ìdàrọ́ Bàbá ni mo rántí." Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, òkìtì dúdú kan wà lẹ́yìn abúlé wa. Ìdàrọ́ ni, ìyẹn pàǹtí tó máa ń ṣẹ́kù bí wọ́n bá yọ irin tán. Bàbá wa àgbà, tí wọ́n jẹ́ alágbẹ̀dẹ, máa ń sọ pé ibẹ̀ ni àwọn baba àwọn ti ń yọ irin kí irin òyìnbó tó dé. Lọ́jọ́ kan, àwọn tó ń ṣe ọ̀nà wá kó ìdàrọ́ náà láti fi dí kòtò. Wọ́n fún àwa ọmọdé ní bisikíìtì, a sì bá wọn kó o sínú ọkọ̀. Bàbá fi ọ̀pá tilẹ̀, wọ́n ń wò wá. Ní alẹ́, Bàbá kàn sọ pé, "Ẹ ti kó ilé baba mi lọ." A rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún kejì, Bàbá kú. N kò bi wọ́n rí bí àwọn baba wọn ṣe ń mọ ìléru, tàbí irú igi tí wọ́n fi ń sun èédú. Ẹ wò ó, mo lè sọ fún yín bí Darby ṣe yọ irin, ṣùgbọ́n n kò lè sọ bí àwọn baba tèmi ṣe yọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe bíi tèmi. Bí àgbẹ̀dẹ àtijọ́ tàbí ibi tí wọ́n ti ń rẹ aró bá wà ní àdúgbò yín, ẹ mú ìwé àti báírò, kí ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún àgbàlagbà kan, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tó mọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó bọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ìbéèrè
1. Kí ni Abraham Darby fi yọ irin ní ọdún 1709?
2. Kí ni ìdàrọ́?
3. Kí ló dé tí omi fi bọ́ lójú ẹni tó kọ ìtàn yìí?