Ta Ni Ẹlégbè Wa?

Àlọ́ Ìjàpá àti Erin kò gùn rárá. Bí ènìyàn bá kà á jáde láti inú ìwé, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni àwa mẹ́sàn-án láti ẹ̀ka wa ti fi ń múra láti lọ pa á fún àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí méje ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Agbowó, nílùú Ìbàdàn, a kò sì tíì múra tán. Àwọn tí a jọ ń gbé ń bi mí léraléra pé kí ni a ń ṣe nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì tí ohùn mi fi máa ń há bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ síhìn-ín, kí n lè sinmi àlàyé.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ti gbàgbé, ọba ìlú kan ló ń wá erin láàyè, kò sì sí ọdẹ tó lè mú un wá. Ìjàpá ní òun yóò mú un wá láìlo ọfà, láìlo ìbọn. Ó ki àkàrà bọ inú oyin, ó gbé e wọ inú igbó lọ, ó fún Erin tọ́ wò. Ó wá sọ fún un pé àwọn ará ìlú ti fohùn ṣọ̀kan pé Erin ni kó wá jọba lé àwọn lórí. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ ni Ìjàpá ń dá orin, àwọn ará ìlú ń gbè é, Erin ń jó. Wọ́n ti gbẹ́ kòtò sílẹ̀ dè é, wọ́n tẹ́ ẹní lé e lórí, wọ́n gbé ìtẹ́ sórí ẹní. Erin lọ jókòó. Ẹ mọ ìyókù.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé gbogbo wa la mọ àlọ́ náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè pa á nínú wa. A ti ka Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá tí Adébóyè Babalọlá kó jọ, tó jáde ní 1973. A mọ bí a ṣe ń pín àlọ́ sí àpamọ̀ àti àpagbè nígbà ìdánwò. A lè kọ ojú ìwé mẹ́ta lórí iṣẹ́ tí orin ń ṣe nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan dìde kó ní "Ààlọ́ o!", kí àwa yòókù dáhùn pé "Ààlọ̀!", ńṣe ló máa ń dà bí ẹni tó fẹ́ ka ìròyìn lórí rédíò. Ọ̀kan nínú wa tilẹ̀ sọ pé "gẹ́gẹ́ bí a ṣe mọ̀" láàárín àlọ́. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Orin ló kọ́kọ́ fún wa níṣòro. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni a ń wá. Mo pe ìyá mi lórí fóònù. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n wà, oníbàárà kan sì dúró tì wọ́n, ó ń retí ṣéńjì. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe máa ń dá orin Erin fún wa nígbà tí iná bá lọ?" Wọ́n ní ṣé mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹun. Ìgbà náà ni wọ́n tó dá a. Kí wọ́n tó dé ìlà kejì, mo gbọ́ ohùn mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Oníbàárà náà ló ń gbè é, obìnrin tí n kò rí rí, tí ìyá mi náà kò mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì kọ ọ́ dópin. Mo ní kí wọ́n tún un kọ kí n lè gbà á sílẹ̀, wọ́n ní kí n má da ọjà ru.

Ohùn tí mo mú wá nìyẹn. Ọ̀rẹ́ wa kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú náà ní ti ìyá ìyá rẹ̀, ó sì yá ju tiwa lọ. A dìbò. Ti Ìjẹ̀bú ló borí, nítorí pé ọmọdé lè pàtẹ́wọ́ sí i. Mo gbà fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ bá mi gbọ́, tìyá mi dùn jù ú lọ.

Ẹlòmíràn gbé píánò kékeré kan wá, ó fẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ orin náà sínú ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì kan tí gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi mọ̀. Ìyẹn kò jọ wá. Ẹni tó bá ti kọ àwọn orin ìsìn àtijọ́ tí wọ́n túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì mọ ohun tí mò ń sọ: ohùn orin á máa gòkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti wálẹ̀, ọkọ́ á di ọkọ̀, ẹni tó ń kọrin á sì máa kọ ohun tí kò ní lọ́kàn. Bí ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa bá wá gbọ́ irú èyí, kí ni yóò rí dì mú níbẹ̀?

Mo ní ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wa wà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà ránṣẹ́ pè wá. Wọ́n gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n fún wa ní omi tútù. Wọ́n ní inú àwọn dùn pé a fẹ́ wá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni kí a fi sọ ìtàn náà. "Ẹ lè fi Yorùbá díẹ̀díẹ̀ sí i, kó lè pa àwọn ọmọ lẹ́rìn-ín."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju bí ó ṣe yẹ lọ, n kò sì fẹ́ fi ìdí rẹ̀ pamọ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, pátákó kékeré kan wà tí wọ́n fi okùn sí. Ọmọ tó bá sọ Yorùbá ni wọ́n máa gbé e kọ́ lọ́rùn, kò sì ní bọ́ ọ títí yóò fi gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. A di amí ara wa. Ọjọ́ tó kọ́ mi lọ́rùn pẹ́ jù, omi ni mo ní kí ẹnìkan bá mi bù. Nílé, lálẹ́, bí iná bá lọ, ìyá mi á tún máa pa àlọ́ fún wa ní èdè kan náà, àwa náà á máa gbè é. N kò mọ bí orí mi ṣe gba méjèèjì nígbà yẹn.

Síbẹ̀, ọ̀gá yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú, n kò sì rí pátákó kankan lọ́rùn ọmọ wọn. Wọ́n ní àwọn òbí ló ń san owó, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n ń san owó fún. Wọ́n ní ọmọ Ígbò wà ní kíláàsì yẹn, ọmọ Hausa wà níbẹ̀, ọmọ Ẹ̀dó náà wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá míì sì wà tí wọn kò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. A kò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Agbowó nìyẹn.

Ọ̀kan nínú wa mú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ Ifẹ̀ jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé ọdún kẹta yóò mọ̀ ọ́n: ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ náà wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọn kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa sọ gbogbo rẹ̀ tán, ó sì fi ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ti 1977 kún un, èyí tó ní èdè abínibí ni kí a fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọdé. Ọ̀gá fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Wọ́n wá ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, òbí tó bá wá fi ẹjọ́ sùn mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kò ka ìyẹn."

Àdéhùn tí a wá ṣe rèé. Kíláàsì kan ṣoṣo ni a ó kọ́kọ́ lọ. Yorùbá ni a ó fi pa àlọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí a bá parí, ọ̀gá fúnra wọn yóò fi Gẹ̀ẹ́sì bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè mẹ́ta. Bí àwọn ọmọ bá lè dáhùn, a ó máa lọ sí gbogbo kíláàsì yòókù títí sáà yìí yóò fi parí. Bí wọn kò bá lè dáhùn, kí a má wulẹ̀ padà wá, àfi bí a bá fẹ́ máa fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. A gbà.

Láti ọjọ́ náà ni ìmúra wa ti yí padà. A kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó lè dí ọmọ lọ́nà sílẹ̀: oyin, ẹní, kòtò, ìtẹ́. Èyí tí a lè gbé lọ, a ó gbé e lọ. Ìgò oyin kan ti wà nílẹ̀. Àga olùkọ́ ni ìtẹ́, a ó da aṣọ òkè bò ó. Ti kòtò ló le. A gbìyànjú àwòrán, kò dára. Níkẹyìn a rí i pé kò sí ohun tí a nílò ju kí Erin jókòó kó sì já, gbìì! Yorùbá ti ṣe ìrànlọ́wọ́ yìí sílẹ̀ fún wa tipẹ́. Bí o bá gbọ́ gìdìgbà-gìdìgbà, ṣé ẹni tó sanra ló ń rìn tàbí èkúté? Ọmọ tí kò mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mọ ìyẹn.

Ẹni tó ń ṣe Erin nínú wa jẹ́ ọmọ Ùròbò. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó wá sí Ìbàdàn. Ó ní ní àgbàlá tí àwọn ń gbé ní Mọ́kọ́lá, ìyá kan máa ń pa àlọ́ fún àwọn ọmọ lálẹ́, òun náà á jókòó sí àárín wọn. Kò gbọ́ ohun tí ìyá náà ń sọ, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi mọ ègbè. Oṣù bíi mélòó kan ló fi ń gbe orin tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, tó ń pariwo ju àwọn ọmọ onílé lọ. "Ìyá yẹn kò túmọ̀ nǹkan kan fún mi rí," ló wí. "Wọ́n kàn máa ń dúró dè mí ni." Lẹ́yìn tó sọ bẹ́ẹ̀, a pa ìmọ̀ràn tì pé kí ẹnìkan máa ṣe ògbufọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ apàlọ́. Ègbè ni a ó kọ́kọ́ fi kọ́ àwọn ọmọ, lẹ́ẹ̀mẹ́rin lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí àlọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

A tún jà lórí ikú Erin. Àwọn méjì nínú wa ní ó burú fún ọmọ ọdún márùn-ún, kí a jẹ́ kí Erin fo jáde nínú kòtò kó sá padà sínú igbó. Mo pa á bó ṣe wà fún ọmọ-ọmọ onílé wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, kí n lè rí ojú rẹ̀. Nígbà tí Erin já, ó dákẹ́ lọ gbáà. Mo rò pé yóò sunkún. Ó wá ní, "Àǹtí, ṣé wọ́n fún Ìjàpá nínú ẹran náà?" Mo ní wọ́n fún un. Ó tún ronú díẹ̀, ó ní, "Kí ló dé tí Erin kò béèrè ọba tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?" Mo mú ìbéèrè yìí lọ fún ẹgbẹ́ wa. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ pé kí Erin sá.

Ẹjọ́ tó kù ni ti ọ̀sán. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni wọ́n fún wa, bẹ́ẹ̀ gbogbo yín lẹ mọ̀ pé a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Ìgbà iṣẹ́ oko ni ọ̀sán, ta ni yóò jókòó gbọ́ Ìjàpá? Ìyá àgbà ọ̀kan nínú wa kọ̀ jálẹ̀ pé kí a má dán an wò. Ẹnìkan ní kí a ti gbogbo fèrèsé, kó lè ṣókùnkùn. Nínú ooru Ìbàdàn, pẹ̀lú ọmọ bíi ogójì? A ó kúkú ní kí àwọn ọmọ di ojú, kí wọ́n ka ení títí dé ẹẹ́wàá, a ó sọ fún wọn pé ilẹ̀ ti ṣú. Nígbà tí ìyá àgbà gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀."

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni a ń lọ. Àwọn méjì nínú wa kò tíì lè lu agogo ẹnu tí apàlọ́ fi ń parí àlọ́. Wọ́n ń gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò ró. A ṣì ń wá ẹni tó lè bá wa lu gángan, tàbí tó kàn ní sákárà nílé. Bí ó bá wà láàárín ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kó wá bá wa ní ẹ̀yìn ilé ẹ̀ka wa ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. A kò ní owó tí a ó san, ṣùgbọ́n àkàrà wà, oyin náà sì ṣì kù nínú ìgò.