Èémí Ládàánì

Ọwọ́ ọ̀tún ni àlejò máa ń kọ́kọ́ rí. Ó wà lórí itan bàbá, àtàǹpàkò ń ra mọ́ ìka ìfábẹ̀lá bí ẹni ń ka tẹ̀súbáà tí kò sí níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá jókòó tì í pẹ́ díẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Igbógìlà yóò rí i pé àyà ló yẹ kó máa wò. Ẹ̀yìn ti tẹ̀, èjìká méjèèjì ti rọ̀ wá síwájú, egungun ìhà kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣí mọ́ bó bá mí sínú. Gbólóhùn tó bá bẹ̀rẹ̀ á dé ìdajì, ìyókù á wọlẹ̀.

Ládàánì ni nígbà tára ṣì le. Kí gbohùngbohùn tó dé mọ́sáláṣí àdúgbò wọn, ohùn rẹ̀ lásán ló ń jí èèyàn fún ìrun àsùbáà, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó sùn sóko ẹ̀gẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ èyí fún mi. Ní báyìí, bó bá béèrè omi láti inú yàrá, ìyá kì í gbọ́. Bàbá ò sì mọ̀ pé ohùn òun ti lọ sílẹ̀. Létí tirẹ̀, bó ṣe ń ké látijọ́ náà ló ṣì ń ké. "Ṣé etí rẹ ti di ni?" ló máa ń bi ìyá. Àìsàn Parkinson ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kì í ṣe agídí.

James Parkinson, dókítà ará Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àìsàn náà, kọ ìwé lé e lórí ní 1817. Gbígbọ̀n ló fi sọrí ìwé náà, gbígbọ̀n yẹn sì ni gbogbo ayé ń wò títí dòní. Nínú àìsàn náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ tó ń pèsè dopamine, èròjà tí ọpọlọ fi ń darí bí ara ṣe ń yí, ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Bí apá ṣe ń le gan-an ni iṣan àárín egungun ìhà ń le. Ikọ́ á di aláìlágbára, omi á máa pá èèyàn lórí, oúnjẹ á ṣìnà gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Òtútù àyà tó ń tìdí ẹ̀ yọ wà lára ohun tó ń pa àwọn tó ní àìsàn yìí jù. Mi ò rò pé ó yẹ ká fi àyà sílẹ̀ ká máa wo ọwọ́ nìkan.

Láàárọ̀ ni bàbá máa ń ṣe ìdárayá èémí, lẹ́yìn tí levodopa, oògùn àìsàn náà, bá ti wọ̀ ọ́ lára. (Èròjà kan náà wà nínú èso yèrèpè tó ń yún àgbẹ̀ lára, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má torí ẹ̀ wọgbó, kò sẹ́ni tó lè fojú díwọ̀n rẹ̀.) Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé àga onígi wá, nítorí bàbá á rì sínú àga tìmùtìmù. Ó gbé ọwọ́ bàbá kan lé ikùn, èkejì lé àyà. "Ẹ fimú fà á, Bàbá. Ikùn ni kó wú." Èjìká ló kọ́kọ́ gbéra. Ọmọ náà rọra tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ orí ikùn sún síwájú díẹ̀, bùbá fẹ̀, iṣan ọrùn dẹ̀.

Ike omi ló kàn, pẹ̀lú sitiróò tó rì sínú rẹ̀. Ètè bàbá ò kọ́kọ́ pa dé, itọ́ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, ọmọ náà nù ún láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà omi hó, ó dákẹ́, ó tún hó. Bí sitiróò bá ṣe rì tó ni iṣan ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, nítorí èémí ní láti ti omi kúrò lọ́nà. "Oókan, eéjì, ẹẹ́ta..." Bó bá fẹ́ ẹ ní ìgbà márùn-ún, á sinmi. Ojú rẹ̀ ò yí padà rárá, ojú tí àìsàn ti mú le. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń gbọ̀n kíkankíkan, òun la fi ń mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń wọ̀ ọ́ lára.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ju sitiróò lọ. Sípíríǹgì ló dí ihò rẹ̀, èémí tí kò bá lágbára tó kò lè ṣí i. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Florida dán an wò lára èèyàn 60 tó ní Parkinson, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2010: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, oúnjẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà lọ́fun àwọn tó lo ojúlówó ẹ̀rọ bíi ti àwọn tó lo èyí tí kò ṣiṣẹ́. Físíò, oníṣẹ́ ìlera tó kọ́ wọn ní ìdárayá yìí, kò fi pa mọ́ fún wọn pé ike kò tó ẹ̀rọ yẹn. Àmọ́ ike lohun tọ́wọ́ wọn ká, wọn kì í sì í pa á jẹ.

Ohùn ló gbẹ̀yìn. Bàbá fa "Aaa" gígùn, ọmọ náà ń fẹ̀yìn rìn, ó gbé ọwọ́ sókè níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń gbọ́. Ó kọjá ibi tí wọ́n sá láfún sí, ó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ọwọ́ ṣì wà lókè. Ibẹ̀ ni ìyá ti dáhùn láti inú èéfín: "Mo ń gbọ́ yín o!"

Bàbá nawọ́ sí ike náà. "Ẹ bu omi kún un lọ́la."

"Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Bàbá," ni ọmọ náà wí. "Físíò ní ká má kánjú."